Àfòpiná tó gbé àwòrán agbárí sẹ́yìn ní Folkestone: kí ni mo rí yìí?

Àbẹ̀kẹ́_Kent | Ọjọ́rú, 7:48 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Folkestone ni mo wà, létí òkun ní Kent. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Bí mo ṣe ń gbé ìdọ̀tí jáde láàárọ̀ yìí ni mo rí nǹkan kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri lábẹ́ iná ẹ̀yìnkùlé. Àfòpiná ni, àmọ́ mi ò rí èyí tó tóbi tó báyìí rí láyé mi. Ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìka mi, ó sì ki dáadáa. Ìyẹ́ tó fi bo ẹ̀yìn dà bí èèpo igi tí eérú kù sí lára. Mo fi etí pépà kàn án díẹ̀ pé kó kúrò lójú ọ̀nà, ló bá gbé ìyẹ́ sókè. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú ni ìyẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀, ìlà dúdú sì là á já. Ikùn rẹ̀ náà rí bákan náà, dúdú kan, pupa rúsúrúsú kan, títí dé ìdí. Lẹ́yìn náà ló ké. Ẹ gbọ́ mi o, àfòpiná yìí ké! Ohùn tín-ín-rín bíi ti èkúté, léraléra.

Èyí tó dá mi dúró ni ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí orí ti pàdé ara. Àwòrán agbárí èèyàn ló wà níbẹ̀: ihò ojú méjì, egungun àgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ pátá.

Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa, pé àmì ikú ni, pàápàá jù lọ nílé tí àwọn arúgbó ń gbé. Mi ò pa á. Mo fi ike bò ó, mo ti páálí bọ abẹ́ rẹ̀, mo sì gbé e wálé. Ó wà níbi tó tutù tó sì ṣókùnkùn báyìí. Mo ti gbé fọ́tò mẹ́rin síbí, rúlà wà nínú ọ̀kan. Kí ni wọ́n ń pè é? Ṣé ó ń ta èèyàn? Kí ni kí n ṣe sí i?

Tíṣà_Òṣogbo | Ọjọ́rú, 8:31 àárọ̀

Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣeun gan-an tí ẹ kò jẹ́ kí bàtà kàn án. Acherontia atropos ni ẹ rí yìí. Àwòrán agbárí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ti tó láti dá a mọ̀, nítorí kò sí àfòpiná mìíràn tó ní irú rẹ̀ ní gbogbo Yúróòpù àti Áfíríkà. Àwọn ìbátan rẹ̀ méjì tó gbé irú àmì bẹ́ẹ̀, Éṣíà ni wọ́n wà.

Kò ta, kò bunijẹ, kò ní oró. Gbogbo ariwo tó ń pa, ìdẹ́rùbà lásán ni. Bí ó ṣe ń ké ni pé ó ń fa afẹ́fẹ́ gba ẹnu wọlé sínú ọ̀fun, awẹ́ kékeré kan níbẹ̀ á máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà á tún fẹ́ afẹ́fẹ́ náà jáde, èyí sì ni ohùn kejì tó dà bí súfèé. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa bó bá tún ké, ẹ ó gbọ́ apá méjèèjì. Ìyẹ́ ni ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń dún ń lò, bí ìrẹ̀ ṣe ń fi ìyẹ́ ha ìyẹ́. Eléyìí kò fi ìyẹ́ ṣe é rárá, ẹnu ló fi ń ké.

Ìyẹ́ rẹ̀ lè nà tó sẹ̀ǹtímítà 13 láti orí kan dé ìkejì, kò sì sí àfòpiná tó wúwo jù ú lọ nínú gbogbo èyí tí wọ́n ń rí ní Bìrìtìkó. Àmọ́ kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Áfíríkà ni ilé rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ tiwa níbí títí dé gúúsù pátápátá, ó sì tún wà káàkiri etí òkun Mẹditaréníà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn Yúróòpù bá ti mú, àwọn kan nínú wọn á gbéra, wọ́n á máa fò lọ sí àríwá. Díẹ̀ péré nínú wọn ló ń dé Bìrìtìkó lọ́dọọdún. Òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n fìdí kalẹ̀, torí inú ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí kí wọ́n tó para dà di àfòpiná, ilẹ̀ tútù sì máa ń pa wọ́n nígbà òtútù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wo àfòpiná níbẹ̀ láti kékeré fi lè dàgbà láìrí ẹyọ kan.

Bàbá_ÌjẹbúÒde | Ọjọ́rú, 9:05 àárọ̀

Ọmọ mi Àbẹ̀kẹ́, o kú iṣẹ́ alẹ́. Tíṣà ti sọ̀rọ̀ ìwé, mo sì gbà á. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi gẹ́gẹ́ bí àgbà. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí òwìwí bá bà sórí òrùlé, kò sí ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á lé e lọ, wọ́n á sì gbàdúrà. Ohun tó bá gbé agbárí sẹ́yìn wá sí ẹnu ọ̀nà ilé tí àwọn arúgbó wà, èmi ò lè sọ pé kò já mọ́ nǹkan kan. Mi ò ní kí o pa á o. Mo ní kí o mú un jáde kúrò nínú yàrá rẹ, kí o sì jẹ́ kó máa lọ ní àlàáfíà.

Tíṣà_Òṣogbo | Ọjọ́rú, 9:22 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn òyìnbó gan-an ló bẹ̀rù rẹ̀ jù. Linnaeus ará Sweden ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ ìwé ní 1758, Atropos tó sì mú sọ ọ́ ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́ta inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, èyí tó ń gé okùn ẹ̀mí èèyàn. Lábúlé púpọ̀ ní Yúróòpù, tó bá wọlé lálẹ́, wọ́n á ní ẹnìkan ń kú lọ. Ẹ wò ó, kòkòrò tó ń tẹ̀ lé iná, ilé tí wọ́n ti ń tan iná mọ́jú náà ni ilé tí aláìsàn wà. Ibẹ̀ ni yóò ti máa bá ìbànújẹ́ pàdé nígbà gbogbo, wọn á sì ní òun ló gbé e wá.

Ohun tí ẹ ní kó ṣe ṣì dára, sà. Kó tú u sílẹ̀.

Olóyin_Ṣakí | Ọjọ́rú, 10:40 àárọ̀

Ẹ kú ìjíròrò o. Ṣakí ni mo wà, ní Òkè-Ògùn, oyin ni mo ń sìn nínú oko kajú. Fọ́tò yìí pa mí lẹ́rìn-ín ayọ̀, torí olè tèmi ni ẹ gbé sórí ìtàgé yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní ẹni ọ̀wọ́n, ẹ wá sí oko mi nígbà tí mo bá ń gbẹ́ oyin. Alẹ́ ni a máa ń gbẹ́ ẹ, torí oyin tiwa kì í gbà fúnni lójú ọ̀sán. Mo máa ń wé tọ́ọ̀ṣì mọ́rí, màá fín èéfín, màá ṣí àpótí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, orí afárá ló wà, ó ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín àwọn oyin, kò sì sí ọ̀kan tó ta á. Oyin tó jẹ́ pé bí mo bá mí sí i báyìí yóò bọ́ sí mi lójú! Ó dúró síbi kan, ó ti ẹnu bọ inú ihò afárá tí wọ́n ti fi ìda dé, ikùn rẹ̀ sì ń fẹ̀, ó ń sún kì. Mo ń wò ó bó ṣe ń mu ún. Ẹnu rẹ̀ kò gùn bíi ti àwọn àfòpiná tó ń mu omi òdòdó, kúkúrú ni, ó sì le ganngan, ó lè fi gún ìda.

Mo bi olùkọ́ kan tó wá kọ́ wa nípa ọ̀sìn oyin léèrè pé kí ló dé tí wọn ò ta á. Ó ní àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀ ní 1991: ara àfòpiná náà ní àwọn ọ̀rá kan tó jọ ti ara oyin gan-an, oyin á gbóòórùn rẹ̀, á rò pé ọmọ ilé ni. Awọ rẹ̀ sì tún yi, bí ọ̀kan bá tilẹ̀ ta á, kì í tètè ràn án.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń bọ́ o. Mo máa ń rí òkú wọn nísàlẹ̀ àpótí, nígbà míì àwọn oyin á ti fi oje igi tí wọ́n ń kó wálé wé e pátá kó má baà rùn, torí ó wúwo jù fún wọn láti wọ́ jáde. Mo ti dín ẹnu ihò àpótí mi kù báyìí, oyin ń wọlé, òun ò lè wọlé mọ́. Oyin tó ń mu kò pọ̀ tó ohun tí à ń bínú lé lórí, síbí kan péré ni lọ́dọ̀ ẹyọ kan. Mi ò pa á mọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀.

Àyìnlá_Exeter | Ọjọ́rú, 12:15 ọ̀sán

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú oríire! Mo ti ń tan pańpẹ́ oníná sínú ọgbà mi ní Devon láti wo àfòpiná fún ọjọ́ pípẹ́, mi ò tíì rí eléyìí lójú ara mi. Inú mi dùn pé ọmọ wa ló rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tú u sílẹ̀, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: ọjọ́, ibi gan-an tí ẹ ti rí i pẹ̀lú nọ́ńbà ojúlé ìfìwéránṣẹ́, ohun tó wà níbẹ̀ (ògiri, lábẹ́ iná), àti orúkọ ẹni tó rí i. Káúńtì kọ̀ọ̀kan níbí ló ní ẹni tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ àfòpiná. Ti Kent náà wà, ẹ ó rí àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún lè fi í sórí iRecord, ibi tí wọ́n ń kọ irú nǹkan báyìí sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni yóò ti dé ọwọ́ ẹgbẹ́ Butterfly Conservation, tó ń kó àkọsílẹ̀ àfòpiná gbogbo ilẹ̀ Bìrìtìkó jọ. Fọ́tò yín mọ́ kedere, kò sí ẹni tí yóò bá yín jiyàn.

Ibi tí ìbéèrè wà ni bó ṣe dé ibẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí. Ó lè ti òkè òkun fò wá lóòótọ́. Láti Faransé sí Dover, níbi tí omi ti tínrín jù, kìlómítà 33 péré ni. Ó sì lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló fò wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó yé ẹyin sí ewé pòtétò ní Kent, tí ọmọ sì jáde nínú ilẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án yìí. Ìkẹta, Folkestone ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ òkun ti ń já àwọn ọkọ̀ akẹ́rù láti Yúróòpù sílẹ̀. Ohun tó bá sùn sí abẹ́ tapólì ní Spéìn lè jí ní Kent.

Ẹ bá mi ya fọ́tò ìyẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, láti ẹ̀gbẹ́, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Tí ó bá jẹ́ tuntun pátápátá, ibi tó ti jáde kò jìnnà.

Àbẹ̀kẹ́_Kent | Ọjọ́rú, 2:02 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Oorun ni mo fẹ́ sùn, ẹ ò jẹ́ kí n sùn mọ́! Mo ti gbé fọ́tò tuntun síbẹ̀. Etí ìyẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ya díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀, lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ sì ti bó níbi méjì. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì pé, agbárí náà ṣì hàn. Bàbá, mo ti gbọ́ sà, ẹ̀yìn ilé ló wà báyìí, kò sí nínú yàrá mi.

Táíwò_Konstanz | Ọjọ́rú, 3:37 ọ̀sán

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Jámánì ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ní ìlú tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ńlá kan lórí àfòpiná yìí gan-an, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń rò pé kòkòrò tó ń rìnrìn àjò, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri, ibi tó bá gbé e jù sí náà ló dé. Myles Menz, Martin Wikelski àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ so ẹ̀rọ atagbà tíńtín mọ́ Acherontia atropos 14 lẹ́yìn. Ìwúwo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà ìwúwo àfòpiná náà. Wọ́n tú wọn sílẹ̀ lálẹ́, Wikelski fúnra rẹ̀ sì wa ọkọ̀ òfurufú kékeré tẹ̀ lé wọn, ó ń yí po lókè wọn bí wọ́n ṣe kọrí sí òkè Alps lọ sí gúúsù. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn kan tó kìlómítà 80, fún wákàtí mẹ́rin. Oṣù Kẹjọ 2022 ni èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science.

Ohun tí wọ́n rí nìyí: ọ̀nà tààrà ni wọ́n ń fò. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn wọn, wọ́n á gòkè, wọ́n á rọra jẹ́ kó gbé wọn. Bó bá dojú kọ wọ́n, tàbí tó ń gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀, wọ́n á sì fi kún eré, kí wọ́n má baà yà kúrò lójú ọ̀nà. Inú yàrá ìwádìí ni wọ́n ti tọ́ àwọn yìí, kò sí ẹni tó fọ̀nà hàn wọ́n rí. Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n Àyìnlá, pẹ̀lú ìyẹ́ tó ya àti lẹ́búlẹ́bú tó bó, èmi ò gbà pé ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e. Ẹni tó bá lè dojú kọ òkè Alps, kìlómítà 33 kì í ṣe nǹkan kan fún un.

Àyìnlá_Exeter | Ọjọ́rú, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Táíwò, ọ̀rọ̀ rẹ lágbára, àmọ́ mi ò tíì yọ ọkọ̀ akẹ́rù kúrò. Ìyẹ́ tó wọ inú tapólì náà lè ya. Bí ó ṣe lè ṣe é kò sọ pé ó ṣe é. Ohun tí a máa kọ sílẹ̀ ni pé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èyí ló máa wúlò fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bàbá_ÌjẹbúÒde | Ọjọ́rú, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Táíwò ọmọ mi, Ọlọ́run á tọ́jú rẹ lókè òkun. Ìbéèrè mi rèé: ṣé ó lè jẹ́ pé láti ilẹ̀ wa níbí ló ti gbéra? Kó gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, kó gba orí omi, kó wá bà sára ògiri ibi tí ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́?

Tíṣà_Òṣogbo | Ọjọ́rú, 6:18 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ọkàn mi fẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ èyí tó ṣeé gbà jù fún ti Folkestone ni pé gúúsù Yúróòpù tàbí àríwá Áfíríkà ló ti wá. Ìrìn àjò wọn sábà máa ń jẹ́ ti ìran dé ìran: ìyá á fò dé ibì kan, á yé ẹyin, á kú, ọmọ á tún bọ́ sójú ọ̀nà.

Labalábá kan wà tí wọ́n ti fi ẹ̀rí ìrìn àjò rẹ̀ múlẹ̀, Vanessa cardui. Lóṣù Kẹwàá 2013, Gerard Talavera, ọmọ Spéìn, rí i létí òkun Gùyánà ti Faransé, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí labalábá náà kì í gbé. Àwọn ìyẹ́ rẹ̀ ti gbó, wọ́n ti ya, ó ń sinmi lórí iyanrìn. Ó gbà tó ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó tú àdììtú rẹ̀. Ìyẹ̀fun òdòdó tó lẹ̀ mọ́ ara labalábá náà ló tú àṣírí: lára rẹ̀ jẹ́ ti Guiera senegalensis, igi kúkúrú kan tó ń hù ní Sàhẹ́lì, tó wà lókè ọ̀hún ní àríwá orílẹ̀-èdè wa. Wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ àwọn ọjọ́ yẹn wò, ó ń fẹ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sọ́hùn-ún. Èsì náà jáde ní 2024. Ó lé ní kìlómítà 4,200 lórí omi, láìsí ibi ìsinmi kankan. Ìwúwo labalábá yẹn kò tó gíráàmù kan, sà.

Ìdí tí wọ́n fi rí gbogbo èyí ni pé ẹnìkan rí labalábá tó ti gbó létí òkun, kò kọjá lọ.

ÌyáÌbejì_Houston | Ọjọ́rú, 11:52 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ la wà níbí. Ọ̀rọ̀ àmì ikú ni mo fẹ́ fèsì sí, torí a ní irú rẹ̀ ní Texas. Ascalapha odorata ni orúkọ rẹ̀, ó dúdú, ó tóbi bí àdán kékeré, Mẹ́síkò àti àwọn erékùṣù Kàríbíà ló ti ń wá. Ó máa ń rìn jìnnà, wọ́n ti rí i ní Kánádà pàápàá. Kúbà, níbi tí àwọn ìbátan wa wà, tatagua ni wọ́n ń pè é.

Ẹ gbọ́ bí ìtàn rẹ̀ ṣe yàtọ̀ síra. Ní Mẹ́síkò, bó bá wọ ilé aláìsàn, wọ́n á ní ikú ló dé. Ní Jàmáíkà, wọ́n gbà pé ẹ̀mí òkú tí kò rí ìsinmi ni. Ní àwọn erékùṣù Bàhámà, bó bá bà lé ọ, owó ń bọ̀. Ní gúúsù Texas níbí, bó bá bà sókè ilẹ̀kùn rẹ, lọ ta tẹ́tẹ́ lọ́tìrì. Kòkòrò kan náà ni o! Ọ̀kan bà sí gáréèjì mi lẹ́yìn ìjì líle kan, aládùúgbò mi tó jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò sún sẹ́yìn, ó ní kí n má ṣe wọlé. Èmi gbé àtùpà sórí tábìlì níta, ó jáde fúnra rẹ̀. Orí ọsàn tó ti rà ni mo tún bá a lọ́jọ́ kejì, ó ń mu omi rẹ̀.

Ọmọ_Pobè | Ọjọ́bọ̀, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ láti Pobè, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Mo rí fọ́tò yìí, mo sì pe ìyá mi lórí fóònù láti bi í. Èyí tí à ń rí lóko wa ni ọmọ rẹ̀ kó tó níyẹ̀ẹ́, lára ewé tòmátì àti ikàn. Ó nípọn tó àtàǹpàkò, ó sì lè gùn ju ìka lọ, ìwo kékeré kan tó tẹ̀ wà nídìí rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni òmíràn, òmíràn pọ́n rúsúrúsú pẹ̀lú ìlà aláró lẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn dà bí ilẹ̀. Tí o bá fọwọ́ kàn án, á fi ẹnu dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́. Ìyá mi ní ọ̀kan lè jẹ ewé ìdí tòmátì kan tán láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pọ̀. Òun máa ń mú un kúrò, á gbé e sórí ikàn igbó lẹ́bàá ọgbà.

Àbẹ̀kẹ́_Kent | Ọjọ́bọ̀, 1:30 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán. Mo ti tú u sílẹ̀. Lálẹ́ àná, kí n tó wọṣẹ́, mo gbé ike náà lọ sí ẹ̀yìn ilé ìtọ́jú, níbi tí igi àti ewé ti pọ̀, mo ṣí i. Kò fò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ dúró, ó ń gbọ̀n ìyẹ́ kíkankíkan, gbogbo ara rẹ̀ ń mì, ó pẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti kà á pé wọ́n máa ń fi bẹ́ẹ̀ mú ara gbóná kí wọ́n tó lè fò. Lẹ́yìn náà ló gbéra, ariwo ìyẹ́ rẹ̀ hàn sétí, ó gba òkè òrùlé lọ.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ Kent, ó sì ti dáhùn láàárọ̀ yìí. Ó ti gbà á wọlé. Ó béèrè ìyẹ́ tó ya, ó sì béèrè bóyá oko pòtétò wà nítòsí. Ọ̀rọ̀ bó ṣe dé ibẹ̀, kò kọ nǹkan kan síbẹ̀, bí Ẹ̀gbọ́n Àyìnlá ṣe wí. Ó ní kí n ṣọ́ ògiri náà títí oṣù Kẹwàá yóò fi parí.

Èyí tí mo fẹ́ sọ jù nìyí. Mo fi fọ́tò náà han àwọn arúgbó wa lákókò tíì, torí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àmì ikú dé etí wọn lọ́nà mìíràn. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti lé ní 90 ọdún, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó ní, "Inú pòtétò ni." Ó ní nígbà ogun, àwọn ọmọdé ló ń bá wọn hú pòtétò lóko, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin hú ọ̀kan jáde láti inú ilẹ̀, ó dúdú, ó ń dán, ó ń yí ìdí. Ó kó o sínú ìgò jáàmù pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n gbé e sórí pèpéle nílé ìdáná, ìyá wọn sì ń pariwo pé kí wọ́n gbé e jáde. Ó ní ó jáde lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì ké nínú ìgò títí gbogbo ilé fi jí. Ó sọ ọ́ bíi pé àná ni. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ní kí n pa á, òun gan-an ló fa àga jókòó tì í pé kó tún un sọ.

Àyìnlá_Exeter | Ọjọ́bọ̀, 2:05 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìtàn ìyá yẹn sílẹ̀, orúkọ abúlé tó ti ṣẹlẹ̀ àti ọdún rẹ̀ bó bá rántí. Ẹ̀rọ ló ń hú pòtétò báyìí, oògùn apakòkòrò sì pọ̀ lára ewé, agbára káká ni wọ́n fi ń rí wọn nínú ilẹ̀ mọ́. Àkọsílẹ̀ ni ìyẹn náà. Wọ́n á gbà á.

Olóyin_Ṣakí | Ọjọ́bọ̀, 7:26 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹyọ kan dé Kent, ìlú mì, ímeèlì fò, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi ń gbá òkú wọn dànù nínú àpótí oyin. Ta ló ń kọ tiwa?

Tíṣà_Òṣogbo | Ọjọ́bọ̀, 7:58 ìrọ̀lẹ́

Díẹ̀ péré ni wọ́n ń kọ, ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti rí àfòpiná yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò rí àmì tó kún Yúróòpù bámúbámú, ibi tó jẹ́ àlejò, tiwa á sì fọ́nká gátagàta. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé kò sí lọ́dọ̀ wa.

Ẹ ṣí iNaturalist sórí fóònù yín, ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ ẹranko àti ewéko tó bá rí sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ya fọ́tò, ẹ jẹ́ kí fóònù fi ibi tí ẹ wà sí i, ẹ kọ ọjọ́. Ọmọ Pobè, ẹ ní kí ìyá yín ya tiwọn kí wọ́n tó gbé e sórí ikàn igbó.

Olóyin_Ṣakí | Ọjọ́ Ẹtì, 6:50 àárọ̀

Mo dé oko lálẹ́ àná, mo rí ọ̀kan nísàlẹ̀ àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi. Ó ti gbẹ, ìyẹ́ kan ti jábọ́, àmọ́ agbárí rẹ̀ ṣì wà. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀. Ṣé wọ́n á gba òkú?

Tíṣà_Òṣogbo | Ọjọ́ Ẹtì, 7:03 àárọ̀

Wọ́n á gbà á. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òkú ni, inú àpótí oyin ni ẹ ti rí i. Ẹ kó èyí tó kù náà jọ sínú páálí gbígbẹ, ẹ má gbá wọn dànù mọ́. Mò ń bọ̀ ní Ṣakí lóṣù tó ń bọ̀, a ó jọ ṣe é.